Òfin Wà Lẹ́nu Orlando Owoh: Àṣìṣe Mi Lórí Àdàlù Orin

Gbèsè kan ni mo fẹ́ san lónìí. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí mo jẹ lè ti gbàgbé, ṣùgbọ́n èmi ò gbàgbé.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìfọ̀n, ní agbègbè Ọ̀sẹ́, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó wà ní ọdún àṣekágbá, ó sì ń wá ohun tí yóò kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lé lórí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùn wọ kíláàsì, tí mo fi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Mahavishnu Orchestra sí i fún wọn: gìtá oníná tó ń bú ramúramù, ìlù tó ń sáré lé e, àti ètò àkókò tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà. Mo sọ fún wọn pé èyí gan-an ni àdàlù orin tó ní ọgbọ́n nínú. Ọmọ yìí wá sọ fún mi ní ọ́fíìsì pé, "Ọ̀gá, àwa náà ní irú ẹ̀ nílé. Orlando Owoh ni mo fẹ́ kọ nípa ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, Orlando kẹ̀? Orin ilé ọtí nìyẹn jàre. Mo ní kó lọ wá nǹkan gidi kọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ó kọ nípa nǹkan mìíràn, ó sì ṣe dáadáa. Èmi ni mi ò ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Òkè òkun ni mo máa gbà dé ilé, torí ọ̀nà yẹn náà ni mo gbà ṣìnà.

Ní 1965, George Harrison, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, ta sitar nínú orin "Norwegian Wood". Sitar jẹ́ ohun èlò olókùn ti àríwá Íńdíà. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó ní àwọn okùn tí wọ́n ń ta, ó sì ní àwọn mìíràn lábẹ́ tí ń dún fúnra wọn nígbà tí ti òkè bá ti mì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Harrison gba Íńdíà lọ, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ravi Shankar. Ní 1967, Ravi Shankar fúnra rẹ̀ ṣeré níwájú àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ní àjọ̀dún orin Monterey, níbi tí Jimi Hendrix ti dáná sun gìtá rẹ̀ lórí ìtàgé. Láti ìgbà yẹn, sitar di ohun tí gbogbo ayé ń sáré lé. Ní 1970, Ananda Shankar, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ravi, gbé àwo kan jáde tó fi sitar ta orin àwọn Rolling Stones àti ti àwọn Doors nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni John McLaughlin dé. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, gìtá ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó dá Mahavishnu Orchestra sílẹ̀ ní 1971, àwo wọn àkọ́kọ́, "The Inner Mounting Flame", sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Orin wọn le, ó ń pariwo bíi ti àwọn onírọ́ọ̀kì líle, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan-méjì-mẹ́ta-mẹ́rin tí gbogbo onírọ́ọ̀kì ń kà ni wọ́n ń kà. McLaughlin kò dúró síbẹ̀. Ó lọ kọ́ veena, ohun èlò gúúsù Íńdíà, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ S. Ramanathan. Lẹ́yìn èyí ni òun, L. Shankar tó ń ta fáólíìnì, Zakir Hussain tó ń lu tabla, àti Vikku Vinayakram tó ń lu ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní ghatam, dá ẹgbẹ́ Shakti sílẹ̀. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1976. Níbẹ̀, ó gbé gìtá oníná tì, ó ní kí wọ́n ṣe gìtá pàtàkì kan fún òun. Wọ́n fi àwọn okùn tí ń dún lábẹ́ kún un, wọ́n sì gbẹ́ àárín àwọn irin ọrùn rẹ̀ jìn, kí ìka lè rí àyè tẹ okùn wọlé, kí ohùn sì lè yọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọrùn gìtá tó jìn yẹn dání. A óò tún padà sí i.

Kí ló dé tí rọ́ọ̀kì líle àti orin Íńdíà fi lè jókòó pọ̀? Mo máa ń bi yín ní irú ìbéèrè yìí nínú ìdánwò, ẹ ó rántí. Ìdáhùn rẹ̀ ò le. Nínú orin àtayébáyé Íńdíà, kò sí kọ́ọ̀dù tó ń yí padà lábẹ́ orin bíi ti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú tanpura, olókùn mẹ́rin, á máa tún ohùn kan náà dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sa ni, pẹ̀lú ìkarùn-ún rẹ̀, Pa. Ẹ wá wo onígìtá rọ́ọ̀kì. Ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè débi tí ohùn fi fọ́, tó ń kùn yùn-ùn. Bó bá ta odindi kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Nítorí náà ó yọ ohùn àárín kúrò, ó fi ìpìlẹ̀ àti ìkarùn-ún nìkan sílẹ̀. Sa àti Pa náà nìyẹn! Ohùn àárín tó yọ yẹn ló máa ń sọ irú kọ́ọ̀dù tó jẹ́. Bí kò bá ti sí níbẹ̀, orin tó wà lókè lè gba ibi tó bá wù ú. Onígìtá rọ́ọ̀kì ti di oní-tanpura láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn ṣí ò ní kéèyàn ti wọlé. Ohun tó wà nínú ilé ni raga. Àwọn kan rò pé raga kàn jẹ́ àkójọ ohùn, bíi do-re-mi. Rárá o. Òfin ni. Ó ń sọ bí ohùn yóò ṣe gòkè, bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀, èyí tí a ó dúró lé lórí, àti èyí tí a ó kàn fọwọ́ bà. Ẹ wo raga méjì tó ń jẹ́ Bhupali àti Deshkar. Ohùn márùn-ún kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Síbẹ̀, ibi tí Bhupali ti ń sinmi kọ́ ni Deshkar ti ń sinmi. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣe Bhupali, òwúrọ̀ ni ti Deshkar. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ti ba méjèèjì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tala, tí í ṣe òfin àkókò. Tintal jẹ́ ìyípo ìgbésẹ̀ 16. Olórin lè rìn jìnnà bó ṣe fẹ́, onítabla náà lè rìn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé lórí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìyípo náà bá ti pé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó yẹ ká máa bi àdàlù orin kọ́ ni pé, "Ohun èlò wo ló wà níbẹ̀?" Ohun tó yẹ ká bi í ni pé, "Òfin ta ni wọ́n ń pa mọ́?" Mo fẹ́ràn àwo Ananda Shankar yẹn, ó dùn ún jó. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń ta orin àwọn Rolling Stones, sitar ló ń ta rọ́ọ̀kì, òfin rọ́ọ̀kì ló wà níbẹ̀. Sitar wá bí àlejò tó yá aṣọ onílé wọ̀ ni. Ti McLaughlin yàtọ̀. Ó gé ọrùn gìtá jìn kí gìtá lè tẹrí ba fún òfin ohun tó wá kọ́. Òun ni mo fi ń yangàn nínú kíláàsì, mi ò sì kábàámọ̀ èyí. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé mi ò bi ara mi léèrè pé, òfin tiwa dà?

Òfin tiwa wà lẹ́nu wa. Ẹ mú orúkọ ìlú Ọ̀wọ̀ gan-an. Bí ohùn bá wálẹ̀ nígbà méjèèjì, ìlú ni, tàbí àpọ́nlé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín tó sì gòkè, ọwọ́ tí a fi ń jẹun ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín tó sì wálẹ̀, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ni. Olórin tí kò bá ṣọ́ra yóò kí ọba ìlú tán, àwọn èèyàn á gbọ́ pé ìgbálẹ̀ ló ń kí. Bhupali àti Deshkar tiwa nìyí: lẹ́tà kan náà, ìrìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohùn wa tún máa ń yọ́. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé ohùn òkè, kì í já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló máa ń rọra yọ̀ wálẹ̀. Ẹ pe "rárà" kí ẹ gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ọsán fi wúlò fún dùndún: onílù ń fi ọwọ́ kejì fún ọsán ìlù, ohùn á sì máa yọ́ gòkè, yọ́ wálẹ̀, bí ẹnu ṣe ń ṣe é. Onítabla náà ní irú ọgbọ́n yìí. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ òsì ló ń tì lójú ìlù ńlá kí ohùn rẹ̀ lè gòkè. Ó sì máa ń fi ẹnu pe ìlù náà kó tó lù ú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wá kọ̀wé sí mi pé láti Íńdíà ni àyàn ti ṣẹ̀ wá o! Ọ̀rọ̀ tí onítabla ń pè jẹ́ orúkọ ìró ìlù, kò ní ìtumọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí àyàn ń sọ jẹ́ oríkì, òwe àti èébú. Ìjọra wọn kò ju pé àwọn méjèèjì kò gbà kí ìlù yadi.

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rú òfin wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń túmọ̀ orin ìsìn, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé. Ọ̀rọ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, àwọn ìyá wa sì ń kọ ọ́ tọkàntọkàn láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ bí kò ṣe pé wọ́n wo ìwé. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kàtídírà Christ Church ní Èkó, kọ ìwé "Yoruba Music" ní 1953 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ akọrin mọ̀: nínú orin olóhùn mẹ́rin ti Gẹ̀ẹ́sì, bí ohùn kan ṣe ń gòkè ni òmíràn ń sọ̀ kalẹ̀. Nínú Yorùbá, ọ̀kan nínú wọn ti ń purọ́ nìyẹn! Ìdí rèé tí àwọn agberin wa fi máa ń gbé ohùn kejì tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ bí òjìji: tí ìyẹn bá gòkè, èyí á gòkè.

Ó dáa, rọ́ọ̀kì líle wá dé ilẹ̀ wa. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream tó gbajúmọ̀ láti 1966 sí 1968, fi mọ́tò gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, Tony Palmer sì ya fíìmù ìrìn àjò náà. Ọdún yẹn náà ni àwo tí òun àti Fela Ransome-Kuti jọ ṣe jáde. Ní 1973 ó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà. Nígbà tí Paul McCartney wá ṣe "Band on the Run" ní Èkó lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó yà sọ́dọ̀ Baker náà.

Àwọn ọmọ wa kò dúró wòran. Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu Akintobi ló ń lu ìlù, Mike Gbenga Odumosu ló ń ta bass. Wọ́n mú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn, wọ́n pe ara wọn ní BLO. Àwo wọn "Chapter One" jáde ní 1973. Gìtá wọn le, ó ń ké bíi ti Hendrix, ìlù wọn sì jẹ́ tiwa. Mo máa ń fi BLO yangàn nínú kíláàsì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹnu wọn: èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò bú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni ọjà rọ́ọ̀kì nígbà náà, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kí ayé gbọ́ ohun rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé, níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ohùn wa kò bá gìtá pàdé níbẹ̀ rárá. Òfin àkókò wa wà nínú ìlù. Òfin ẹnu wa dúró síta.

Àwọn wo ló wá mú un wọlé? Ibí ni ọmọ Ìfọ̀n yẹn ti mọ̀ jù mí lọ.

Ẹ wo agbègbè tí ọmọ náà ti wá. Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà láàárín Ifẹ̀ àti Bìní, ó sì ti mọ àdàlù tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí Ekpo Eyo walẹ̀ ní Igbó Ọlájá ní Ọ̀wọ̀ ní 1971, àwọn ère amọ̀ tó wú jáde jẹ́ ti nǹkan bí ọ̀rúndún karùndínlógún. Ojú àwọn ère kan jọ ti Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan mìíràn lára wọn jọ ti Bìní. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ayédèrú ni wọ́n. Ti Ọ̀wọ̀ ni wọ́n.

Ẹ tún wo ọdún Ìgógó, tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù Kẹsàn-án fún ìrántí Ọ̀rọnṣẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n. Ọjọ́ 17 ni, ọba á di irun, á wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn bí obìnrin. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lu ìlù nílùú. Agogo irin ni wọ́n ń lù. Mo ti ń mú un gẹ́gẹ́ bí èèwọ̀ lásán tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé ẹ̀kọ́ orin tó lágbára ni. Nínú orin wa, agogo ló ń di òpó àkókò mú. Ìlù lè rìn kó ṣáko, agogo kì í kúrò lójú ọ̀nà. Ìlú tó bá lè kó gbogbo ìlù rẹ̀ pa mọ́ fún ọjọ́ 17, tí orin kò sì kú, ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun èlò àti òfin.

Orlando Owoh jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Stephen Oladipupo Olaore Owomoyela ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, 1932, ṣùgbọ́n ọmọ Ìfọ̀n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe títí di 1958, nígbà tí ẹgbẹ́ eléré Kola Ogunmola gbà á láti máa lùlù, kó sì máa kọrin. Ó kọ́ gìtá lọ́dọ̀ Fatai Rolling Dollar. Ní 1960 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Omimah Band. Lẹ́yìn náà ni Young Kenneries, lẹ́yìn náà African Kenneries International. Nígbà tó fi máa kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, 2008, àwo rẹ̀ ti lé ní 40.

Ẹ fara balẹ̀ wo 1958 yẹn. Níbi eré orí ìtàgé ni ọkùnrin yìí ti kọ́ṣẹ́. Nínú eré Ogunmola, orin kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gbafẹ́ láàárín eré. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré gan-an wà nínú orin. Bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yékéyéké, eré ti bàjẹ́ nìyẹn, owó rẹ̀ á sì máa dùn ún. Ilé ẹ̀kọ́ òfin ni ibẹ̀ yẹn, ju ilé ẹ̀kọ́ tí èmi lọ.

Ní àwọn ọdún 1970, jùjú gba ìgboro. Ọ̀pọ̀ àwọn onígìtá highlife kó ẹrù wọn, wọ́n sá. Orlando kò sá, kò sì ṣe agídí. Ó di highlife rẹ̀ mú, ó mú lára ìlù jùjú wọnú rẹ̀, wọ́n sì ń pe àdàlù náà ní tóyè. Gìtá oníná ló wà níwájú, ohùn rẹ̀ le, ó sì há bí ẹni tó ti ń pariwo láti àná. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ Ìfọ̀n gbọ́, ẹ gbé àwo rẹ̀ kan sí i. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí gbólóhùn kan tó kọ. Ẹ dá orin dúró. Ẹ wá sọ gbólóhùn náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé ibi tí ẹnu yín gòkè sí ni òun náà gòkè sí. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ padà, kí ẹ gbọ́ gìtá tó dá a lóhùn lẹ́yìn gbólóhùn náà. Gìtá náà ń sọ̀rọ̀ ni.

Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Original Music, kó díẹ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ jọ sórí CD ní 1995, wọ́n sì pe àkọlé rẹ̀ ní "Dr. Ganja's Polytonality Blues". Ọ̀rọ̀ àárín yẹn ń sọ pé ìpìlẹ̀ ohùn tó ju ẹyọ kan lọ ń dún pọ̀ nínú orin. Mo lóye ohun tí etí wọn gbọ́: ohùn ẹnu kò fi gbogbo ìgbà jókòó sórí kọ́ọ̀dù gìtá. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá ní kó wálẹ̀, tí kọ́ọ̀dù sì ní kó gòkè, ọ̀rọ̀ ni Orlando ń tẹ̀ lé, kọ́ọ̀dù á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó dà bí ìjà létí àlejò jẹ́ òfin létí onílé.

Ṣé ẹ wá rántí ọrùn gìtá McLaughlin? Ó gbẹ́ ẹ jìn kí ohùn lè yọ́, torí orin Íńdíà kò lè wà láìyọ́. Àwọn èèyàn wa náà wá gìtá tó lè yọ́. King Sunny Ade, ọmọ Oǹdó, fi gìtá onírin tí wọ́n ń fi ọ̀pá yọ̀ lórí, èyí tó ti Hawaii wá, sínú jùjú; Demola Adepoju ló ń ta á. Ní Íńdíà, Vishwa Mohan Bhatt yí irú gìtá yìí kan náà padà, ó pè é ní Mohan veena, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy pẹ̀lú Ry Cooder ní 1994. Gìtá kan náà, ìlú méjì tí kò mọ ara wọn. Ìdí kan náà ló mú wọn yàn án: òfin tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ kò gbà kí ohùn máa fò láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn. Orlando kò tiẹ̀ wá gìtá tuntun. Gìtá ọjà lásán ló mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi rèé, ó pẹ́ ṣùgbọ́n ó dé. Mo fi òṣùwọ̀n kan wọn McLaughlin: ṣé ó pa òfin orin tó gbà mọ́? Mo fi òṣùwọ̀n mìíràn wọn Orlando: níbo ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ? Mo gbọ́ ọ nílé ọtí, mo sì fi ilé ọtí dá orin lẹ́jọ́. Bí mo bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn méjèèjì, mi ò ní rí ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn, oníṣẹ́ ẹgbẹ́ra ni mo máa rí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni McLaughlin nígbà tó dá Mahavishnu sílẹ̀, ó sì rí àwọn òǹkọ̀wé tó ń tẹ̀ lé e káàkiri pẹ̀lú ìwé àti bírò. Orlando náà rí ẹnì kan. Èmi ni mo lé ẹni náà padà.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Orlando wà láàyè, ara rẹ̀ le, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà Omimah sì wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́ èdè wọn, ó mọ ilé wọn. Bí mo bá ní "ó dáa, lọ", à bá ní ìwé kan lónìí tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe orin wọn láti ẹnu àwọn tó ṣe é. Ẹ̀rín kan péré ni mo rín, ìwé kan sì di òfo.

Kí ni ó kù? Àwọn kan ṣì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ̀n, ní Ìdó-Àní àti káàkiri ibẹ̀, ẹ wá àwọn àgbà tó ta gìtá tàbí tó gberin nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí láyé ìgbà náà. Ẹ má kàn bi wọ́n léèrè ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ẹ bi wọ́n pé: nígbà tí wọ́n bá ń ṣe orin tuntun, ṣé ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń wá ni, àbí gìtá? Ohùn ta ni wọ́n fi ń tún okùn gìtá ṣe? Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá bá kọ́ọ̀dù mu, èwo ni wọ́n ń yí padà? Ta ló ń lu agogo, ta ló sì kọ́ ọ? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù yín, ẹ kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ tí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ ọmọ Ìfọ̀n, bí o bá ń ka èyí, ìwọ náà á ti di bàbá báyìí. Òótọ́ lo sọ ní ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ náà. A ní irú ẹ̀ nílé. Jọ̀ọ́, bí àkọsílẹ̀ tí o ti bẹ̀rẹ̀ bá ṣì wà níbì kan nínú àpótí, gbé e jáde. Mo ṣì mọ̀wé kà, màá sì kà á láìrẹ́rìn-ín.